Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kó àwọn ọmọ Pírámárì Kejì lọ sí oko

Tíṣà Kíláàsì Kejì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ilé ẹ̀kọ́ wa wà láàárín ìgboro Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹfà la fẹ́ kó ọmọ 42 lọ sí oko kan lẹ́yìn Mọ́níyà, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ọmọ ọdún 6 sí 7 ni gbogbo wọn. Oko náà ní gbágùúdá, àgbàdo, adìyẹ tó ń yé ẹyin, ewúrẹ́ díẹ̀, àti adágún ẹja àrọ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kò tíì tẹ ilẹ̀ oko rí, ẹyin inú kírétì ni wọ́n mọ̀. Kí ni kí n kọ́ wọn kí ọjọ́ tó pé? Kí ni kí wọ́n wọ̀? Oúnjẹ ńkọ́? Àgbà mélòó ló yẹ kó tẹ̀ lé wa? Ọ̀gá wa ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé.

Tíṣà Àgbà:
Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ká tó sọ̀rọ̀ aṣọ tàbí oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara yín dé oko náà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní irú wákàtí tí ẹ máa kó àwọn ọmọ lọ. Ẹ má gba àlàyé orí fóònù. Ẹ wo ibi tí bọ́ọ̀sì máa ti yí padà, bóyá ẹrẹ̀ á gbé e tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ẹ wo ilé ìyàgbẹ́: ṣé ó wà, ṣé ó nílẹ̀kùn, ṣé ọmọ ọdún 6 lè dá jókòó lórí rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá kànga kan wà níbẹ̀ tí kò ní ìdérí. Ẹ wá ibòji tí ọmọ 42 lè jókòó sí. Ẹ wo ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, ẹ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Ní ti àgbà: ọmọ 6 sí àgbà kan. Ọmọ 42 á di ẹgbẹ́ 7, ìyẹn àgbà 7. Ẹ fi ẹnì kan kún un tí kò ní ẹgbẹ́ kankan lọ́wọ́, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kíka orí àti wíwo aago. Ẹ tún fi ẹnì kan tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì kún un. Àgbà 9 nìyẹn, dírẹ́bà ò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ya fọ́tò. Ibẹ̀ lọmọ ti ń sọ nù.

Èèyàn méjì ni kó ka orí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí iye wọn bára mu kí bọ́ọ̀sì tó ṣí. Ẹ kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, nígbà tí wọ́n bá sọ̀, nígbà tí ẹ bá ń kúrò ní ìdí nǹkan kan lọ sí ìdí òmíràn, àti lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́.

Ìyá Táyé:
Bàtà òjò ni kí gbogbo wọn wọ̀, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù kí ẹ lè dá wọn mọ̀. Oúnjẹ, jọ̀lọ́ọ̀fù nínú kúlà, ẹran díẹ̀, ó parí. Ọmọ wo ló ń kọ jọ̀lọ́ọ̀fù? Ẹ sì kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan gàdàgbà sí àyà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Ìyá Táyé, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ẹ sọ.

Yunifọ́ọ̀mù ṣíkẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé kò bá oko mu. Wèrèpè wà níbẹ̀, èsìsì wà níbẹ̀, ìjàlọ náà wà. Ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù alápá gígùn tó fúyẹ́, ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n á ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ ó fi dá wọn mọ̀, fìlà aláwọ̀ kan náà ni kí ẹ rà fún gbogbo wọn, pupa tàbí àwọ̀ ìyeyè. Ẹ má ra aláwọ̀ ewé; ọmọ tó dé e sáàárín àgbàdo, ó di àwátì. Kò sí lọ́fínńdà lọ́jọ́ náà, kò sí ìpara olóòórùn dídùn, torí oyin.

Orúkọ lórí àyà: ẹ má kọ ọ́ síta. Ẹni tí kò mọ ọmọ rí á pe orúkọ rẹ̀, ọmọ á rò pé ojúlùmọ̀ ni. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti nọ́ńbà fóònù méjì ni kó wà níta, orúkọ ọmọ kó wà lẹ́yìn káàdì tàbí nínú kọ́là.

Ìrẹsì tí wọ́n sè láago 5 ìdájí, tí wọ́n dì nígbà tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọmọ wá jẹ láago 12, èébì ló ń fà. Kòkòrò tó ń hù nínú ìrẹsì lílọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń fi oró sílẹ̀, bí a tún gbé e kaná, oró náà kì í lọ. Búrẹ́dì, ẹyin sísè tí a kò tíì bó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn ló dáa. Ẹ̀pà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀: ara ọmọ mìíràn kọ̀ ọ́, ó sì ń há wọn lọ́fun bí bọ́ọ̀sì bá ń mì.

Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda òbí: ẹ má kàn kọ "mo gbà kí ọmọ mi lọ" sí i. Ẹ béèrè ohun tí ara ọmọ kọ̀ (ẹyin, ẹ̀pà, oyin), bóyá ó ní asthma tàbí wárápá, bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, oògùn tó ń lò àti àkókò rẹ̀, nọ́ńbà àgbà méjì tó máa gbé fóònù lọ́jọ́ náà. Inhaler ọmọ, ọwọ́ àgbà tó ń darí ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà; tó bá wà nínú báàgì nínú bọ́ọ̀sì, bí ẹni pé kò sí ni. Ọmọ SS gbọ́dọ̀ máa mumi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, òjò kò gbọdọ̀ pa á, kó sì mú súwẹ́tà dání kódà bí oòrùn bá ń ràn.

Ìdáná Ayọ̀:
Nọ́ọ̀sì wa, òótọ́ lọ̀rọ̀ yín nípa ìrẹsì lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrẹsì ló lẹ́bi, ẹni tó dì í ni. Ẹ da omi híhó sínú kúlà, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 15, ẹ dà á nù. Ẹ wá bu ìrẹsì sínú rẹ̀ láti orí iná tààrà, kó kún kúlà dé ẹnu (ààbọ̀ kúlà kì í pa ooru mọ́), kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i títí di ìgbà tí wọ́n máa jẹun. Bí wọ́n bá ṣí i tí èéfín kò gba ojú wọn, kí wọ́n má fún ọmọ jẹ. Èyí tí ń yọni lẹ́nu ni àwọn ike kéékèèké tí òbí kọ̀ọ̀kan ń di oúnjẹ sí nílé.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ ṣe là á kalẹ̀ yìí, mo gbà. Kí wọ́n jẹ ẹ́ láàárín wákàtí 4 tó kúrò lórí iná, kí èyí tó ṣẹ́ kù má padà wálé.

Àgbẹ̀ Aládìyẹ:
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ilé adìyẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti ń bá olóko jà.

Adìyẹ tó ń yé ẹyin kì í fẹ́ ìjayà. Tí ọmọ 42 bá ya wọlé pẹ̀lú ariwo, tí àwọn adìyẹ náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń sìn sílẹ̀, wọ́n á sá lọ sí igun kan, wọ́n á gun ara wọn lórí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á kú. Àwọn tó yè á dín ẹyin kù fún ọjọ́ mélòó kan. Torí náà, ẹgbẹ́ kan péré lẹ́ẹ̀kan, ọmọ 6, ìṣẹ́jú 5, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sí àtẹ́wọ́, kò sí iná fóònù. Ẹ fi èyí ṣeré nínú kíláàsì ṣáájú: kí ọmọ 6 wọ yàrá kan níbi tí "adìyẹ ń sùn", kí wọ́n rìn yíká kí wọ́n sì jáde láìsọ̀rọ̀.

Èkejì ni àrùn. Àrùn adìyẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle máa ń bá bàtà wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn lùkúlùkú adìyẹ (bird flu) tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2006. Ọmọ tí wọ́n ń sìn adìyẹ nílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ bàtà tàbí aṣọ tó fi ń wọ àárín adìyẹ wá. Omi oògùn máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ bọ̀. Bí ẹrẹ̀ bá wà lábẹ́ bàtà, oògùn inú omi yẹn kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ ẹrẹ̀ kúrò, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ilé adìyẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́, kí bàtà má tíì dọ̀tí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbè sẹ́yìn Ìyá Táyé lórí bàtà òjò. Kánfáàsì ò ṣeé tì bọ omi oògùn.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Ẹ̀gbọ́n, bàtà òjò tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ ló ń gbé ọmọ ṣubú, òbí kì í sì í ra èyí tó ṣe wẹ́kú, torí "ọmọ á dàgbà sí i". Gbogbo òbí kọ́ ló sì lágbára àtirà á fún ọjọ́ kan.

Àgbẹ̀ Aládìyẹ:
Kí gbogbo wọn wo adìyẹ láti ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì, a bọ́ nínú wàhálà. Ọmọ tó wọ kánfáàsì kò ní dá dúró síta máa wo àwọn tó wọ bàtà òjò. Kí òṣìṣẹ́ oko gbé adìyẹ kan àti ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé jáde wá bá wọn. Ẹyin yẹn á ṣì gbóná lọ́wọ́, ìyẹn nìkan tó wọn í sọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó ní asthma á sì bọ́ lọ́wọ́ eruku inú ilé adìyẹ.

Ọmọ Ọdẹ:
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ejò. Oṣù kẹfà, koríko ti ga. Ẹ mú òkúta dúdú dání àti okùn tí ẹ ó fi di ẹsẹ̀ pinpin lókè ojú ibi tó bù ṣán.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí. Okùn tó le ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹsẹ̀ ọmọ lè kú pátá. Òkúta dúdú kì í fa oró, àkókò ló ń fi ṣòfò. Ẹ má fi abẹ ya ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á. Kí ọmọ náà má rìn, ẹ gbé e. Ẹ bọ́ bàtà àti ẹ̀gbà ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò kó tó wú. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ gbe ẹsẹ̀ náà kó má mì. Ẹ dorí kọ ilé ìwòsàn. Ẹ ti pè wọ́n ṣáájú ọjọ́ náà láti mọ̀ bóyá wọ́n ní abẹ́rẹ́ oró ejò, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní i. Ẹ má lé ejò náà láti pa á, ẹni kejì ló máa bù ṣán.

Ọmọ Ọdẹ:
Mo gbọ́ ti okùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí olóko ro ọ̀nà tí àwọn ọmọ máa gbà, kó fẹ̀ tó mítà 2, lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà, torí ejò tí wọ́n dà láàmú láàárọ̀ kò tíì jìnnà. Kí àgbà ṣáájú, kí àgbà kẹ́yìn, kí ọmọ má fọwọ́ bọ ihò, kó má sì gbé igi tó dùbúlẹ̀.

Olóyin:
Ẹ béèrè bóyá ilé oyin wà nítòsí. Tí oyin bá ya lu yín, ẹ sáré! Kò sóhun tó ń jẹ́ "ẹ dúró jẹ́ẹ́". Kí wọ́n fi fìlà bo ojú, kí wọ́n sá wọ bọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì tì í pa. Wọn ò gbọdọ̀ bẹ́ sómi. Ibi tó ta, ẹ fi èékánná ha oró rẹ̀ kúrò kíá.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì:
Gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí dáa, ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ òfin nìkan tí kò mọ ohun tó ń wá, eré ló máa sá ní oko. Ọjọ́ 10 ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ife oníke tó mọ́ gaara. Ẹ fi tíṣù tó tutù yí inú rẹ̀ ká, ẹ ki ẹ̀wà 2 àti àgbàdo 2 sáàárín tíṣù àti ara ife, kí ọmọ lè máa rí wọn láti ìta. Ẹ má bu omi bò wọ́n, wọ́n á jẹrà. Kí tíṣù tutù ni, kó má rin gbingbin. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, gbòǹgbò á yọ. Ọjọ́ 4 sí 6, ewé. Kí ọmọ yàwòrán rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ yí ife kan dorí kodò lọ́jọ́ kẹrin kí ẹ wo bí gbòǹgbò ṣe máa tẹ̀ padà sílẹ̀.

Àgbàdo tí wọ́n gbìn ní oṣù kẹrin á ti yọ irun ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ, àwọn kan á ti gbó tó sísè. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bó ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Irun kọ̀ọ̀kan so mọ́ ibi tí kóró kan wà. Irun tí ìyẹ̀fun òdòdó orí àgbàdo (pollen) kò bà lé, ibi tirẹ̀ lára erín àgbàdo náà á ṣófo. Ibi tó ṣófo yẹn ni kí ẹ ní kí wọ́n wá. Ọmọ ọdún 7 lóye rẹ̀ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fa irun náà.

Ní ti adìyẹ, ẹ kọ́kọ́ gba èrò wọn sílẹ̀ lórí bébà ńlá: "ṣé gbogbo ẹyin ló ń di òròmọdìyẹ?" Ọ̀pọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí olóko dáhùn fúnra rẹ̀ pé adìyẹ máa ń yé láìsí àkùkọ, ṣùgbọ́n ẹyin bẹ́ẹ̀ kò lè pa. Èyí tí àkùkọ bá lọ́wọ́ sí ló ń pa lọ́jọ́ 21.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí ẹgbẹ́ kan ka ewé, kí òmíràn ya ohun èlò: ọkọ́, àdá, agbọ̀n. Ẹ má fún ọmọ ọdún 6 ní ìbéèrè 20, bébà náà ló máa tẹjú mọ́. Kí wọ́n sì ti mọ ebè, poro, èèpo, ẹ̀ka àti gbòǹgbò nílé ẹ̀kọ́, kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí olóko ń sọ.

Ìyá Onígàrí:
Ẹ fi ti gbágùúdá kún un. Kí wọ́n má jẹ ẹ́ ní tútù, bí ó ti wù kí ó funfun tó! Irú tó korò ní oró tó lè pa ọmọ, ojú lásán ò sì lè fi í hàn yàtọ̀ sí èyí tí kò korò. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní kíláàsì, ẹ tún sọ ọ́ létí ebè.

Tí oko náà bá ní ibùdó gàrí, kí wọ́n dúró jìnnà sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, bẹ́líìtì rẹ̀ máa ń fa aṣọ. Àwo tí wọ́n fi ń yan gàrí náà, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni kó wà láàárín ọmọ àti iná. Ẹ ní kí wọ́n gbóòórùn gbágùúdá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rin, kí wọ́n tún gbóòórùn èyí tó ti wà nínú àpò fún ọjọ́ 2 sí 3, kí wọ́n sọ èyí tó kan.

Ẹ gba igi gbágùúdá díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 tó ní ojú 5 sí 7, kí wọ́n wá gbìn ín sílé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n fi í dagun, kí ojú rẹ̀ wo òkè. Bí wọ́n bá gbìn ín lódìkejì, kò ní hù dáadáa.

Ẹlẹ́ja:
Adágún tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ: etí rẹ̀ máa ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, ẹja àrọ̀ sì ń mú omi dúdú, ọmọ tó jìn sí i, ojú ò ní rí i. Ẹ fa okùn pupa sí mítà 2 sí etí rẹ̀, kí ọmọ má kọjá rẹ̀. Àgbà kan dojú kọ omi, kó má dojú kọ ọmọ. Òṣìṣẹ́ ni kó da oúnjẹ ẹja sínú omi. Ẹ ní kí wọ́n wo bí ẹja àrọ̀ ṣe ń yọrí wá gba afẹ́fẹ́, torí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi.

Dírẹ́bà Coaster:
Bọ́ọ̀sì kan kò gba èèyàn 51, bọ́ọ̀sì méjì lẹ ó lò. Ẹ má gbé ọmọ mẹ́rin sórí ìjókòó mẹ́ta. Àwọn tó máa ń bì, ẹ fi wọ́n síwájú, kí wọ́n jẹ ohun fífúyẹ́ ní wákàtí kan ṣáájú, kí ọ̀rá wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ gbéra ní aago 7 ààbọ̀, ẹ ti padà sínú bọ́ọ̀sì kí ó tó di aago 1, torí òjò oṣù kẹfà fẹ́ràn ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Tí ààrá bá ń sán, inú bọ́ọ̀sì ni kí gbogbo wọn wà, kì í ṣe abẹ́ igi.

Tíṣà Àgbà:
Omi kò tíì wọ inú ìwé. Fún mímu, èèyàn 51, pure water 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 102. Àpò kan jẹ́ 20, ẹ ra àpò 6. Fún ọwọ́ fífọ̀, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tó.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Kò tó. Ìgbà 3 ni wọ́n máa fọwọ́: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ọ̀dọ̀ ẹran ọ̀sìn kúrò, kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì. Ààbọ̀ lítà lẹ́ẹ̀kan, fún èèyàn 51, ó ti lé ní lítà 76. Kẹ́ẹ̀gì 4 ni, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì elẹ́nu àti ọṣẹ. Kí wọ́n fi ọṣẹ pa á fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Sanitizer kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọwọ́ tí ìdọ̀tí tàbí ìgbẹ́ ẹran wà.

Àgbẹ̀ Aládìyẹ:
Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ olóko, ọjọ́ wo ló fọ́n oògùn sí oko kẹ́yìn, kí ó sì fi ike rẹ̀ hàn yín. Ó máa ń wà lára ike bí ó ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó kí èèyàn tó wọ ibẹ̀. Tí kò bá lè fi ike hàn, ẹ má mú ọmọ kọjá níbẹ̀.

Tíṣà Kíláàsì Kejì:
Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run á bùkún yín. Ó ku ẹyọ kan: oko náà ní ajá méjì, ọmọ mi kan sì wà tó ń sá fún ajá títí yóò fi ṣubú. Kí ni kí n ṣe?

Àgbẹ̀ Aládìyẹ:
Kí wọ́n so ajá mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ kùtùkùtù, sí ibi tí ọmọ kò ní gbà kọjá, kí ẹ sì rí i lójú ara yín kí ọmọ kankan tó sọ̀. Èyí kì í ṣe torí ọmọ kan ṣoṣo.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Kí ọmọ yẹn wà nínú ẹgbẹ́ yín gan-an, àǹtí, kó mọ̀ láti ilé pé ajá wà àti pé wọ́n ti so ó. Tí ajá bá sì fi eyín kan ọmọ kankan, bó ti wù kí ojú ibẹ̀ kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ẹ sì pe òbí rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Torí ìyẹn, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 kan sí i kún èyí tí ẹ máa gbé lọ.